Ta Ló Ni Ẹ̀rù Orí Ìtàgé?

Adúláwọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ gbé pósí wọ inú orin rọ́ọ̀kì. Jalacy Hawkins lorúkọ rẹ̀. Ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí i ní 1929, Screamin' Jay Hawkins sì ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọkùnrin náà lóhùn. Ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá ni, orin opera, eré òyìnbó tí wọ́n ń fi orin ṣe, ló sì wà lọ́kàn rẹ̀. Bíi ti Paul Robeson, akọrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ló fẹ́ máa kọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1956, ó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní New York láti kọ orin ìfẹ́ kan tó ń jẹ́ "I Put a Spell on You". Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn pé ọtí ti pa gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, pé òun ò rántí bí òun ṣe kọ ọ́ rárá, àfìgbà tí wọ́n gbé àwo dé tí òun gbọ́ bí òun ṣe ń ké, tí òun ń kùn, tí òun ń bú ramúramù. Inú àwo yẹn ló ti tún orin ara rẹ̀ kọ́.

Alan Freed, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó sọ orúkọ "rock and roll" di ohun tí gbogbo èèyàn ń pè, ló dábàá pé kó máa ti inú pósí jáde bó bá fẹ́ kọrin náà. Hawkins kọ̀. Ó ní adúláwọ̀ kì í mọ̀ọ́mọ̀ wọ pósí láàyè. Bó ṣe sọ ọ́, ìgbà tí Freed ka $300 síwájú òun ni òun tó gbà. Láti ìgbà náà, wọn a gbé pósí wá sórí ìtàgé, iná a kú, èéfín a bolẹ̀, ìdérí a wá máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1956 yẹn kan náà, ní oṣù kẹjọ, ni Bela Lugosi kú, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ṣe Dracula, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, nínú fíìmù 1931. Aṣọ Dracula ni wọ́n wọ̀ fún un lọ sí sàréè. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀: wọ́n gbé ọ̀kan sin tòun ti aṣọ eré lọ́rùn, kò sì pẹ́ tí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú pósí tirẹ̀ jáde.

Mo fẹ́ràn Hawkins gidigidi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dùn mí. Ẹ wo àwọn fọ́nrán rẹ̀ àtijọ́. Ó mú ọ̀pá kan lọ́wọ́, agbárí òkú wà lórí ọ̀pá, Henry ló sọ agbárí náà, sìgá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ki egungun bọ imú ara rẹ̀. Awọ ẹkùn ń bẹ lọ́rùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń pariwo, inú wọn ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ̀ pé kò sí babaláwo kan nílẹ̀ wa tó jọ bẹ́ẹ̀, kò sí oníṣègùn kan ní Abomey tàbí Ouidah nílẹ̀ Benin tó jọ bẹ́ẹ̀. Hollywood ló ya ère yẹn, òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ òyìnbó nílé sinimá, òun náà ni adúláwọ̀ kan wá gbé wọ̀ kó tó lè rówó jẹ. Vodún tí wọ́n ń fi í pè, ẹ̀sìn ni fún àwọn tó ni ín. Ní orílẹ̀-èdè Benin, inú oṣù kìíní ni ìsinmi ọdún rẹ̀ máa ń bọ́ sí, iṣẹ́ ìjọba kì í sí nígbà náà. Ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà bínú sí Hawkins nítorí eré yìí, mo sì mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ ohùn yẹn. Nígbà tó bá ké, ohun tó ń ké jáde jìnnà sí ti Hollywood. Ó kú sí ilẹ̀ Faransé ní 2000, ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì kọ opera kankan tí ayé mọ̀ ọ́n fún.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá wọ inú ọgbà eré ẹgbẹ́ olórin tó ń fi ẹ̀rù ṣe ọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan ló máa ń wà lọ́kàn mi kí orin àkọ́kọ́ tó parí: ẹ̀rù tí wọ́n gbé wá yìí, ta ló ni ín? Ṣé inú ara wọn ló ti wá, àbí wọ́n rà á lọ́jà ni?

Pósí Hawkins sọdá òkun. Ní England, olórin kan tó ń jẹ́ Screaming Lord Sutch gbà á lò. Arthur Brown, olórin míràn níbẹ̀, kò wulẹ̀ bá pósí lọ, iná ló gbé karí, adé onírin tó ń jó lala, ó sì kọ orin Hawkins sínú àwo rẹ̀ ti 1968. Àwọn yìí dùn ún wò, ṣùgbọ́n Birmingham ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Àdúgbò Aston níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Black Sabbath ti dàgbà, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tí bọ́ǹbù ogun Hitler ti fọ́ lójú. Tony Iommi, onígìtá wọn, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gé páànù ní ilé iṣẹ́ gé orí ìka rẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá, nítorí náà ìka ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọwo, ó mọ ọ́n sí ìka bí ìbọ̀ka, ó fi awọ lẹ̀ ẹ́ lórí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn gìtá sílẹ̀ kó lè rọrùn fún un láti tẹ̀, ohùn gìtá náà wá wúwo, ó lọ sísàlẹ̀. Ẹgbàágbèje ọ̀dọ́ tó ń ta irú orin yìí, tí wọ́n ń pè ní metal, káàkiri ayé lónìí, ohùn tí ọgbẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ kan mú wá ni wọ́n ń wá.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà wá láti ara fíìmù ẹlẹ́rù kan ti 1963. Wọ́n ń rí bí èèyàn ṣe ń tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá láti sanwó kí wọ́n lè dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì rò ó pé orin náà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ 13 oṣù kejì 1970. Ẹ fi etí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: òjò ń rọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lókèèrè, lẹ́yìn náà gìtá wọlé pẹ̀lú ohùn mẹ́ta péré. Èkejì ga ju èkíní lọ, àmọ́ ohùn kan náà ni wọ́n. Ẹ̀kẹta ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ibi tí etí ń retí pé kó dúró sí kọ́ ló dúró sí, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Àwọn onímọ̀ orin ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi orúkọ èṣù pe àlàfo yẹn tipẹ́. Nínú ọgbà eré, tí ẹ̀rọ bá gbé ohùn kẹta yẹn jáde, àyà ló máa ń bá. Ilẹ̀ tí o dúró lé a máa gbọ̀n. Mo ti gbọ́ orin yẹn lórí fóònù àìmọye ìgbà, kò ṣe mí nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tí àwọn ará ilé ń rò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé o ṣì ń gbàdúrà kí o tó jáde nílé?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń gbà á, ẹ má mikàn." N kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, nítorí ìfẹ́ ló mú un bèèrè. Ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn náà ni ìtàn ọkùnrin olórin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Alice Cooper, mo sì máa sọ ọ́ níbí náà.

Vincent Furnier ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Detroit ní 1948. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Òun alára kò fi ẹ̀sìn Kristẹni rẹ̀ pamọ́ láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ wá, ó sì dá ibùdó sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Phoenix, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn lórin lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin yìí náà ni wọ́n ń bẹ́ lórí lójú gbogbo èèyàn láti bí àádọ́ta ọdún. James Randi, onídán tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, ló bá a ṣe ẹ̀rọ ìbẹ́rí náà, Randi fúnra rẹ̀ sì bá wọn rìn gẹ́gẹ́ bí abẹ́nilórí lórí ìtàgé. Mo ti dúró nínú èrò rẹ̀. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ sínú ihò igi, abẹ ńlá ń dán lókè. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní kú. A ti mọ̀ ọ́n kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, nígbà tí abẹ yẹn sọ̀, ohùn tó jáde lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Alábẹ́ gbé orí sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Alice tún jáde pẹ̀lú aṣọ funfun àti fìlà funfun gogoro. Ó ti ṣàlàyé léraléra pé ọ̀daràn ni ẹni tí òun ń ṣe lórí ìtàgé, ọ̀daràn sì gbọ́dọ̀ jìyà kí eré tó tán. Ọmọ oníwàásù ni. Ìdájọ́ ló ń dẹ́rù bà á, òun náà ló sì gbé wá.

Àwọn baba wa tó ń wo eégún aláré mọ irú ìgbádùn yìí. Eégún a di òjòlá lójú agbo, ọmọdé a sá, àgbà a máa pa owó fún un, gbogbo wọn á sì tún padà wá wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ibi tí mo lè fi wọ́n wéra mọ nìyẹn, nítorí eégún ní ìdílé àti àwọn òkú ọ̀run lẹ́yìn, Alice kò ní.

Ibi kékeré ni mo fẹ́ràn jù, ká sọ òtítọ́. Northampton ní England ni àwọn mẹ́rin tó ń jẹ́ Bauhaus ti wá. Ní oṣù kìíní 1979, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n sì ta orin kan tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, "Bela Lugosi's Dead", lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ta á. Bó ṣe wà lórí àwo nìyẹn. Orin náà kò sáré rárá. Ìlù ń rìn jẹ́jẹ́, gìtá ń ha, ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọrin. Ní 2005, ní àjọ̀dún Coachella ní California, Peter Murphy, akọrin wọn, kọ ọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lókè, orí nílẹ̀, wọ́n so ó rọ̀, kò sì ṣi ohùn. Láti ara irú orin yìí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní goth ti jáde: ẹ̀wù dúdú, tìróò dúdú, àtíkè funfun, ilé ijó Batcave ní Soho ní London láti 1982, àti àwọn Sisters of Mercy ní Leeds tí kò ní onílù, tí wọ́n fi ẹ̀rọ dípò rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ, Doktor Avalanche, bí ọmọ ẹgbẹ́. Èéfín tí àwọn yẹn ń tú sórí ìtàgé pọ̀ débi pé èèyàn lè wo eré wọn délẹ̀ kó má rí ojú ẹnì kankan.

Ní Leeds yẹn kan náà ni mo ti wo àwọn ọ̀dọ́ kan nínú yàrá abẹ́ ilé, lábẹ́ ilé ọtí. Òrùlé kò ga. Omi ń kán lára ògiri nítorí ooru èèyàn. Ọmọbìnrin tó ń kọrin fún wọn kun ojú ní funfun, ó fa ìlà dúdú láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n. Mo sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí òógùn tó ń la àárín àtíkè náà kọjá, tí awọ ara rẹ̀ gan-an ń hàn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí orin kẹta máa parí, àtíkè ti ṣàn dé ọrùn ẹ̀wù. Kò nu ún. Orin tó kọ kàn ń ka orúkọ oògùn tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Kò sí pósí, kò sí ẹ̀jẹ̀ ayédèrú, iná kan ṣoṣo ló wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbé òjìji rẹ̀ sórí ògiri lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí ju ti abẹ Alice lọ. Tirẹ̀ ni ẹ̀rù náà. Inú ara rẹ̀ ló ti gbé e wá, ó sì gbé e lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀rù ayédèrú gba iṣẹ́ gidi. Ní 1988 ní London, wáyà tó yẹ kó gbé Alice dúró nígbà tí wọ́n bá ń yẹgi fún un já, díẹ̀ ló kù kí okùn gba ẹ̀mí rẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó burú jùlọ kò tilẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rù ṣe eré. Ní oṣù kejì 2003, ní ilé ijó The Station ní West Warwick, Rhode Island, iná ẹ̀tù orí ìtàgé ran fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má baà jáde. Èèyàn 100 ló kú. Ní Bucharest ní oṣù kẹwàá 2015, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní ilé ijó Colectiv, àwọn tó kú lé ní 60, ìgboro sì gbóná débi pé olórí ìjọba Romania kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fóòmù olówó pọ́ọ́kú, èrò tó pọ̀ ju àyè lọ, ilẹ̀kùn tí kò tó. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn wọ̀nyí, ojú mi máa ń wá ọ̀nà àbájáde kó tó wá ìtàgé, mo sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí mo bá mú dání pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù ba èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n á délé.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà wà ńlẹ̀. Ghost, ẹgbẹ́ tí Tobias Forge dá sílẹ̀ ní Linköping ní Sweden, ìlú tó ní kàtídírà àtayébáyé, máa ń wọ aṣọ bí póòpù tó ti kú, àwọn onígìtá rẹ̀ a sì wọ ìbòjú tí èèyàn ò fi mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò wọn ti 2025 ní Manchester, wọ́n gba fóònù gbogbo èèyàn sínú àpò kékeré kan tí wọ́n ń tì pa lẹ́nu ọ̀nà. Àpò náà wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n o ò lè ṣí i àfi tí o bá ń jáde. Mo wà níbẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí àwọn kan lórí ìlà. Nígbà tí iná kú, òkùnkùn ṣú. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: òkùnkùn tó ṣú gan-an, tí kò sí iná fóònù kan tó là á. Ó ti pẹ́ tí n kò ti rí irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ láàárín èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú mi kò mọ ibi tí wọn ó ti ọwọ́ wọn bọ̀, nígbà tó yá wọ́n di ara wọn mú. Tí olórin bá na ọwọ́, èèyàn la rí, a ò rí àwòrán rẹ̀ lórí gíláàsì ẹlòmíràn. Gbogbo ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣe irú eré yìí ló yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tó máa yí èrò mi padà.

N kò sí ní Villa Park ní ọjọ́ 5 oṣù keje 2025. Orí ẹ̀rọ ni mo ti wò ó, mo sì fẹ́ kí n wà níbẹ̀. Aston ni pápá náà wà, àdúgbò tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn Black Sabbath mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pé jọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún. Ozzy Osbourne, akọrin wọn, kò lè dúró mọ́. Àrùn Parkinson ti mú un. Ó jókòó sórí ìtẹ́ dúdú kan, ó ń gbìyànjú láti dìde, ara kò gbà, ó tún jókòó, ó sì ń kọrin. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ aládé òkùnkùn nìyí, ẹni tó gé orí àdán jẹ ní Des Moines ní 1982 nítorí ó rò pé rọ́bà ni, tí wọ́n sì sáré gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Gbogbo ẹ̀rù tó ti fi ṣeré láti 1970 ti wá jókòó tì í lórí ìtẹ́ yẹn. Àwọn àgbà ọkùnrin tó kun apá ní àmì òkú àti àgbélébùú ń sunkún, wọn ò bo ojú. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ padà sílẹ̀ adúláwọ̀. Ní Botswana, àwọn ọ̀dọ́ ti gba orin metal tipẹ́. Wọ́n ń wọ awọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀ nínú oòrùn gbígbóná, fìlà àwọn darandaran, ìwo àti egungun màlúù, nítorí ilẹ̀ ẹran ọ̀sìn ni ilẹ̀ wọn, ohun tó wà láyìíká wọn ni wọ́n gbé wọ̀. Ẹgbẹ́ Overthrust láti Ghanzi ṣeré ní àjọ̀dún orin Wacken ní Jámánì ní 2016. Skinflint láti Gaborone ń kọrin nípa iwin àti ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fọ́tò wọn, inú mi dùn ní ọ̀nà tí inú mi kò tíì fi dùn sí Hawkins rí. Egungun tó wà lára wọn, àwọn ló mú un, kò sẹ́ni tó ki í bọ̀ wọ́n nímú.

Rọ́ọ̀kì kì í ṣe àjèjì nílé wa náà. Ní 1972 ni ẹgbẹ́ olórin BLO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá oníná ní Èkó, Laolu Akins ló ń lùlù fún wọn. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan gbé ẹ̀rù tiwa lọ sórí ìtàgé, kó má lọ yá ti Dracula, kó má sì gbé egungun Hollywood. Àbíkú wà. Egbére tó gbé ẹní rẹ̀ tó ń sunkún nínú igbó wà. Mo ti ń ro bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí ní Ìbàdàn: gìtá tí okùn rẹ̀ dẹ̀, yàrá tó kéré tó ní ilẹ̀kùn tó tó, fóònù nínú àpò, iná pa, ìyá ìlù dùndún nìkan ló ń dún. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Ká wá ní onílù náà ti béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù pe ẹnì kan tó dúró sẹ́yìn pátápátá, lórúkọ àti oríkì, nínú òkùnkùn tí kò ti lè rí ẹni tó ń pe òun. Gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má dáhùn ìpè tí kò mọ ẹni tó ni ín lóru. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni yẹn máa jẹ́.